Awò Ìyá Àgbà àti Okùn Tó Fì Sápá Kan

Ẹ jẹ́ ká fi ìyìn fún awò ojú, pàápàá jù lọ awò ojú tí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní àìsàn ojú kankan. Awò tí dókítà kọ fúnni, oògùn lásán ni. Ó dà bí ọ̀pá ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn, kò sẹ́ni tó ń fi ṣakọ. Ṣùgbọ́n awò tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, tó gbé ka imú tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, iyẹn ni adé. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í pẹ́ lórí ìlà ní báńkì. Ọlọ́pàá tó dá tákísì dúró á kọ́kọ́ kí i kó tó béèrè ìwé. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń ronú. Bó bá sùn lọ níbi ìpàdé, wọ́n á ní ó ń ronú jinlẹ̀. Èmi kò mọ ìwé ẹ̀rí mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ń tà lórí páálí lẹ́bàá ọ̀nà.

Orí Ìyá Àgbà ni mo ti kọ́kọ́ rí adé yìí. Mo ṣì ń rí i: ó jókòó lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Libreville, olú ìlú Gabon, òjò ti ṣú láti ìhà òkun, ó sì ń fi etí ìró rẹ̀ nu awò náà. Á mí hàà sí díńgí ọ̀tún, á nù ún. Á mí hàà sí tòsì, á nù ún. Lẹ́yìn náà á gbé e sókè kọjú sí ojú ọ̀run, á dijú kan, bí ẹni tó ń wo ẹyin bóyá ó ti bàjẹ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó gẹdú lọ sí èbúté Owendo ń kọjá lójú títì, òórùn igi tútù ń tẹ̀ lé wọn wọ àgbàlá wa, ó ń dàpọ̀ mọ́ òórùn ẹja tí ẹnì kan ń yan. Ìyá Àgbà á wá wọ awò rẹ̀, á wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú èèyàn tí a jẹ́.

Ìyá ìyá mi ni. Ó wá láti Nàìjíríà láti wá wẹ ọmọ nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin. Ọmọ tó wá wẹ̀ ti ń sáré, ó ti ń wẹ ara rẹ̀, ó ti ń bú èèyàn ní èdè Faransé, Ìyá Àgbà kò tíì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ìgbà wo ló ń padà sílé, á ní ọmọ náà kò tíì mọ ẹ̀yìn ara rẹ̀ wẹ̀ dáadáa.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kiri awò lórí páálí ló ti ra tirẹ̀. Gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ ló gbìyànjú, ó sì yan èyí tó tóbi jù, férémù dúdú tó bo ìdajì ojú rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi dé láti ọjà tó béèrè pé kí ló ṣe ojú wọn, Ìyá Àgbà ní ojú òun ti rí nǹkan púpọ̀ láyé, ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Kò mọ ìwé kà ní èdè kankan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, bí a bá ra oògùn, òun la ó kọ́kọ́ gbé bébà inú rẹ̀ fún. Á wò ó lókè, á wò ó nísàlẹ̀, á mi orí. "Hẹ̀n-ẹ́n," á ní, "ohun tí mo rò náà nìyẹn." Nígbà mìíràn orí ni bébà náà fi dúró.

Obìnrin aránṣọ kan wà tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ọmọ Nàgó, Yorùbá orílẹ̀-èdè Benin. Láti àárọ̀ títí dalẹ́ la máa ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, tó ń sáré, tó ń dúró, tó tún ń sáré. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí awò náà, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́, ó yọ orí síta, ó ní, "Ìyá Dírẹ́kítọ̀, ẹ kú ìjókòó o." Yẹ̀yẹ́ ló fi ṣe. Ìyá Àgbà gbà á gẹ́gẹ́ bí oyè, ó ní kí Ọlọ́run bùkún un, oyè náà sì mọ́ ọn lórí.

Ọdún yẹn ni mo ń tún kíláàsì mi kà, kíláàsì tí a ti ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò BEPC. Ìṣirò ló dá mi dúró. Bàbá mi, tó ní ìsọ̀ aṣọ ní ọjà, ti sọ fún gbogbo ọjà náà láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú pé dókítà ni mo máa jẹ́. Dókítà tó ń tún kíláàsì kà ti ń di ìtìjú fún un. Alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ, ó pè mí.

"Bí o bá tún kùnà, Ntoum ni. Àbúrò mi ń wá ẹni tó máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Bàbá, màá yege."

"Mo ti gbọ́ iyẹn ní èṣí."

Ntoum kò ṣe mí ní ibi kankan. Ìlú ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n mo ti lọ rí ṣọ́ọ̀bù náà, mo ti rí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú, tó jókòó láàrin bàsíà oníke àti páànù ilé, tí ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá lọ sí Libreville. Iwájú mi ni mo rò pé mo rí lórí àga yẹn.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù nínú ìṣirò kò tóbi. Olùkọ́ wa, ọmọ Gabon kan tí apá rẹ̀ kì í kúrò nínú ìyẹ̀fun ẹfun, á ya ìlà méjì sójú pátákó: ọ̀kan dùbúlẹ̀, ó ń jẹ́ x, ọ̀kan dúró, ó ń jẹ́ y. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni òdo. Á wá kọ ìdọ́gba kan, bíi 2x + 3y = 12, á ní ìlà kan ló fara pamọ́ sínú rẹ̀, ká wá ibi tí ìlà náà ti gé x àti ibi tó ti gé y, ká sì fà á. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn. Fi òdo sípò x, wàá rí ibi tó ti gé y: mẹ́rin. Fi òdo sípò y, wàá rí ibi tó ti gé x: mẹ́fà. Mo há a sórí bí orin, ṣùgbọ́n orin náà máa ń yí padà lẹ́nu mi. Lójú tèmi, bí x bá di òdo, ọ̀rọ̀ x là ń sọ nìyẹn, nítorí náà mo máa ń gbé mẹ́rin lọ sórí ìlà x, kí n sì gbé mẹ́fà lọ sórí y. Gbogbo ìlà mi ń fì sí ibi tí kò yẹ. Yíǹkì pupa olùkọ́ pọ̀ nínú ìwé mi ju yíǹkì búlúù tèmi lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí Ìyá Àgbà bá ti ń bó ẹ̀gúsí, á ní kí n gbé ìwé mi wá. Ó gbà pé ẹni tó bá ń kàwé ní òun nìkan, ẹ̀mí àìrí ló ń kà á fún.

"Kà á sí mi létí," á ní. "Kì í ṣe Faransé. Èmi kì í fi Faransé ronú."

Faransé ló wà lẹ́nu mi. Yorùbá mi dà bí bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ mi lọ, mo ní láti máa wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè ṣe.

Ó fi ìka tí èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ tọ́ka sójú ìwé. "Kí nìyí?"

"X ni, Ìyá Àgbà."

"Oríta mẹ́rin ni. Èyí ńkọ́?"

"Y."

"Oríta mẹ́ta. Ó dáa, máa bá a lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ka ìṣirò mi: oríta mẹ́rin lọ́nà méjì, oríta mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, àpapọ̀ wọn méjìlá. Èèpo ẹ̀gúsí ń dún pẹ́pẹ́ lábẹ́ èékánná rẹ̀, ẹ̀rọ aránṣọ ń sáré lódìkejì, ọkọ̀ òfuurufú kan á fò lọ sí pápákọ̀, a ó sì dákẹ́ títí tó fi máa kọjá. Bí mo bá kà á dé ibì kan, Ìyá Àgbà á tẹ̀ síwájú, á gbé awò rẹ̀ sókè díẹ̀, á wo ojú ìwé náà pẹ́.

"Ibí yìí," á ní, "kò dá mi lójú."

Màá tún un ṣe, màá sì rí àṣìṣe. Kì í ṣe ìgbà gbogbo, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo wá ń rò ó lórí ibùsùn pé bóyá ó mọ̀wé, bóyá ó ti jẹ́ dírẹ́kítọ̀ níbì kan ní tòótọ́ kó tó bí ìyá mi. Òun náà kò sì sọ ohunkóhun tó lè ba èrò yìí jẹ́.

Ọjọ́ kan tí ìyá mi wà lọ́jà, tí Ìyá Àgbà àti èmi ń fọṣọ, okùn tí a ti ń sá aṣọ já. Okùn tuntun wà nílé. Ó yẹ kí a dúró de ẹni tó ga tó máa so etí kejì mọ́ òpó tó wà lẹ́yìn igi ìbẹ́pẹ. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í bẹ èèyàn sí nǹkan tó bá ti wọ awò rẹ̀. Ó so etí kan mọ́ ìṣó tó wà lára ògiri lókè fèrèsé, ó gun àpótí kó tó kàn án. Lẹ́yìn náà ó fa okùn náà wá sílẹ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó sì so etí kejì mọ́ èèkàn kan tó fi òkúta kàn mọ́lẹ̀ láàrin àgbàlá, kó má bàa ní láti nawọ́ sókè. A sá gbogbo aṣọ sí i. Àwọn aṣọ náà dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà agbádá bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ó ti bùbá ìyá mi, bùbá ti ṣòkòtò àbúrò mi, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí wọ́n fi di òkìtì kan nídìí èèkàn. Ìró kan ṣoṣo ló kù lókè, ó há mọ́ ìṣó.

Ẹ̀rọ aránṣọ dákẹ́.

"Ìyá Dírẹ́kítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o."

"A dúpẹ́. Báyìí là ń so ó nílé wa, kí omi lè tètè ṣàn dànù."

"Omi ṣàn lóòótọ́. Aṣọ náà bá a ṣàn." Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ ka ojú fèrèsé, ó ti rí eré. "Ìró tó kù lókè yẹn, ara ògiri ló ń gbo. Kò sí àlàfo kankan láàrin okùn àti ògiri níbẹ̀. Àwọn tó wà nídìí èèkàn, inú iyanrìn ni wọ́n sùn, torí pé okùn náà kò ga rárá níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló fi ń dọ̀tí."

Ìyá Àgbà ti awò rẹ̀ sókè lórí imú. Mo mọ̀ pé irọ́ kan ń bọ̀.

"Ẹ kò mọ̀ ni," ó ní. "Ọmọ yìí ni mo so ó fún. Ohun tí wọ́n ń yà nínú ìwé wọn nìyí. Àjọkẹ́, ṣàlàyé fún wọn."

Aṣọ tútù wà lọ́wọ́ mi, omi ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Àgbà bá ti purọ́ kan níwájú aládùúgbò, iṣẹ́ gbogbo ilé ni láti mú irọ́ náà dúró. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀.

"Ilẹ̀ ni oríta mẹ́rin. Ògiri ni oríta mẹ́ta. Ibi tí ògiri ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀, òdo ni."

"Ṣé ẹ gbọ́?" Ìyá Àgbà sọ fún aránṣọ.

"Okùn gé ògiri níbi ìṣó. Níbi ìṣó yẹn..." Mo dúró. Ibí yìí gan-an ni orin mi ti máa ń yí padà. Mo wo ìró tó ń gbo ògiri. Kò sí àlàfo kankan níbẹ̀; aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán. Bí a bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí ògiri tó, ilẹ̀ la máa fi wọ̀n ọ́n. Ohun tó bá sì wà lára ògiri kò jìnnà sí ògiri.

"Níbi ìṣó, oríta mẹ́rin ni òdo," mo ní, ohùn mi ń lọ jẹ́jẹ́. "Kì í ṣe pé a wà lórí ilẹ̀. Ó jẹ́ òdo torí pé ara ògiri la wà."

"Ìdí èèkàn ńkọ́?" aránṣọ béèrè. Mo rí i pé kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Níbẹ̀, kò ga. Oríta mẹ́ta ni òdo. Orí ilẹ̀ la wà."

Mo dúró láàrin àgbàlá, mo ń wo okùn náà láti òkè dé ilẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti há sórí láti èṣí ló wà níbẹ̀, tó ń kán omi. Ìṣó kan, èèkàn kan, okùn kan tí kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà.

Inú Ìyá Àgbà kò dùn pé àlàyé náà ti fẹ́ parí láìsí òun níbẹ̀. "Bí mo bá so ó mọ́ ìdí ògiri níhìn-ín ńkọ́," ó ní, ó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ka, "níbi tó pè ní òdo yẹn? Ṣebí ògiri àti ilẹ̀ ló fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni yóò tún bá mi wí?"

"Ìso kan ṣoṣo lẹ máa ní, Ìyá," aránṣọ ní. "Ẹ ṣì máa wá ibòmíì so etí kejì mọ́ kó tó di okùn." Ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìyá Àgbà fi ojú tẹ̀ lé e, ó ń wá èsì, ó sì gbàgbé pé ọwọ́ òun kún fún ọṣẹ. Ó gbé e lọ sójú. Ọṣẹ náà ta á. Lójú mi báyìí, ìka rẹ̀ wọ inú férémù awò náà, ó kọjá, ó dé ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú náà dáadáa, láìbọ́ awò. Díńgí kò sí níbẹ̀. Ti apá kejì náà kò sí. Èmi kò mọ ìgbà tí wọ́n ti jábọ́, bóyá sínú omi ìfọṣọ, bóyá sínú ẹ̀gúsí.

Ó la ojú, ó rí i pé mo ti rí i. A wo ara wa.

"Tuntun ni," ó ní. "Atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo ní.

Láti ọjọ́ náà lọ, mo mọ̀ pé mo ń ka ìṣirò fún obìnrin tí kò mọ̀wé, tí ó ń fi férémù òfìfo wo ìwé mi. Mo sì ń kà á fún un síbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé "kò dá mi lójú" rẹ̀ kò dín kù, bẹ́ẹ̀ ni kò yéé bọ́ sí ibi tó yẹ. Ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, tí a fẹ̀yìn ti ògiri kí ó má bàa ta sí wa, mo bi í bó ṣe ń mọ̀ ọ́n. Mo rò pé á ní awò ni.

"Ohùn rẹ," ó ní. "Bí o bá mọ ọ̀nà, o máa ń rìn. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, o máa ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, bí ẹni tó wọ omi." Ó bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. "Ṣùgbọ́n awò náà ń ràn mí lọ́wọ́."

Ọjọ́ ìdánwò, a jókòó sínú yàrá ńlá kan tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sí ojú òkun. Ìbéèrè kan ní ká wá ibi tí ìlà méjì ti gé x àti y, ká sì fà wọ́n. Èyí àkọ́kọ́, mo rí ìṣó rẹ̀, mo rí èèkàn rẹ̀, mo fà á. Èkejì ni y = 2x. Mo fi òdo sípò x, mo rí òdo. Mo fi òdo sípò y, mo rí òdo. Mo gbọ́ tí ìrésà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún yí mi ká, lórí tábìlì yìí, lórí tábìlì yẹn, bí eku tó ń jẹ àgbàdo. Kò sí ẹni tó gbà pé òdo méjì lè jẹ́ ìdáhùn. Ọwọ́ tèmi náà lọ sórí ìrésà. Mo rí Ntoum, mo rí bàsíà oníke àti àga yẹn.

Ni mo bá mi ètè mi láìgbé ohùn sókè, mo kà á ní Yorùbá, mo sì ń tẹ́tí sí ara mi. Ohùn mi ń rìn. Kò fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ìdí ògiri ni, níbi tí Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí. Ìso kan ṣoṣo. Mo fi òdo méjèèjì sílẹ̀, mo wá ibòmíì tí mo lè so etí kejì mọ́: bí x bá jẹ́ ọ̀kan, y á jẹ́ méjì. Mo fa ìlà mi.

Mo yege. Bàbá mi sọ fún gbogbo ọjà pé òun kò ṣiyèméjì rí, wọ́n sì rí ọmọ àbúrò ìyàwó ẹnì kan tó lọ dúró sí ṣọ́ọ̀bù ní Ntoum. Ìyá Àgbà sọ fún aránṣọ pé òun ni òun kọ́ mi. Aránṣọ ní, "Kò sí irọ́ ńbẹ̀, Ìyá Dírẹ́kítọ̀," ó sì mú ẹ̀rọ rẹ̀ sáré kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bí mi nínú nígbà náà ni pé kò sí irọ́ ńbẹ̀ lóòótọ́.

Ó padà sí Nàìjíríà níkẹyìn. Ọmọ tó wá wẹ̀ ti ń hu irùngbọ̀n kó tó lọ. Férémù náà ló wọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lópin sì sọ fún wa pé kò bọ́ ọ títí dọjọ́ ikú rẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn, bí mo bá ń ti Akanda bọ̀ wá sí ìlú láàárọ̀ tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, pé gbogbo wa tí a bí síhìn-ín dà bí okùn yẹn. Nígbà tí a bá fọwọ́ kan ilé àwọn òbí wa, ibí yìí á di òdo; nígbà tí a bá fọwọ́ kan ibí yìí, ilé á di òdo. Èmi kò bínú sí i mọ́. Bí okùn ṣe ń rí nìyẹn, aṣọ sì ń gbẹ lórí rẹ̀ bí ẹnì kan bá fi nǹkan há a.

Mo ń kọ́ni ní yunifásítì báyìí, láàrin àwọn èèyàn tí wọ́n ń jẹ́ dókítà kí wọ́n tó jẹ́ orúkọ. Mo ti kọ̀wé púpọ̀ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí n tó gbé èyíkéyìí jáde, mo máa ń kà á sókè ní Yorùbá fún àpótí kan tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé lórí, mo sì ń gbọ́ ibi tí ohùn mi ti ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, mo yà lẹ́bàá ọ̀nà, mo ra awò ojú kan, èyí tó tóbi jù lórí páálí náà. Ojú mi kò ní àìsàn kankan. Mo wọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.